Ọjọ́ Tí O Dá fún Oníbàárà: Ìwà Iṣẹ́ fún Télọ̀ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Fírídọ̀mù

Bí o bá ti lè gé bùbá kí ọrùn rẹ̀ jókòó, tí o lè rán síìpù mọ́ aṣọ kó má hunjọ, ọwọ́ rẹ ti mọ iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ ti rí i kó tó fọwọ́ sí ìwé fírídọ̀mù rẹ. Ìyókù tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í jókòó ti ọmọṣẹ́ sọ ni mo fẹ́ sọ níbí: bí o ṣe máa dá ọjọ́, bí o ṣe máa gba aṣọ lọ́wọ́ èèyàn, ohun tí o máa sọ nígbà tí ọjọ́ bá fẹ́ yẹ̀, àti ohun tí o kò gbọdọ̀ sọ rárá.

Òkè-Àdó n'Íbàdàn ni mo ti ń ránṣọ. Aṣọ obìnrin àti ti ọmọdé ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń gba ti ọkùnrin bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí. Mo ti rí àwọn ọmọṣẹ́ tí ọwọ́ wọn dára ju tèmi lọ tí ṣọ́ọ̀bù wọn kò pé ọdún méjì tó fi kógbá sílé. Mo sì ti rí àwọn tí iṣẹ́ wọn mọ níwọ̀n, tí èrò kì í tán lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ìkejì yìí, bí wọ́n bá ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni.

Bí a ṣe ń dá ọjọ́

Obìnrin kan á wọlé, á gbé léèsì yáàdì 5 sórí tábìlì, á ní, "Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó o, ẹ má jẹ́ kójú tì mí." Lásìkò yẹn, owó àsansílẹ̀ á ti máa wù ọ́, ẹnu á sì fẹ́ sáré sọ pé, "Kò sí wàhálà, mà." Má tíì sọ ọ́. Ṣí ìwé rẹ ná.

Ìwé yẹn, ojú ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Kọ́kọ́ mọ iye aṣọ tí ọwọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lè parí lóòjọ́. Má fi ọjọ́ tí ara yá gágá tí iná kò sì lọ ṣe òṣùwọ̀n, ọjọ́ lásán ni kí o lò. Ká ní ìwọ àti ọmọṣẹ́ méjì ni, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè parí ìró àti bùbá kan lóòjọ́, láti orí gígé dé orí lílọ̀. Láti Ajé dé Ẹtì, aṣọ 15 nìyẹn lórí ìwé. Wàyí o, yọ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀ kúrò. Yọ ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ kan máa ní òun ń lọ sílé, torí ó máa lọ. Yọ wákàtí tí o máa fi lọ ra òwú àti láínìn lọ́jà Gbági. Yọ ti aṣọ tó máa padà wá fún àtúnṣe. Èmi kì í kọ ju aṣọ 10 lọ fún ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ mẹ́ta bá wà nílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó kù, mo fi sílẹ̀ fún ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá lọ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, a ó ti mú aṣọ ọ̀sẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ mìíràn wà tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ nìkan ló máa parí rẹ̀. Agbádá máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sí ọrùn. Kàfùtáànì máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lu ihò bọ́tìnnì. Aṣọ ìyàwó máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ òkúta tó ń dán mọ́ ọn. Àwọn náà ní oníbàárà tiwọn, télọ̀ bíi tìrẹ ló sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà wọn. Pè wọ́n kí o tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ ọnà bá dá fún ọ, fi ọjọ́ méjì lé e kí o tó sọ ọ́ síta.

Iná ńkọ́? Má ṣírò iná rárá. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé iná ìjọba nìkan ló lè gbé e dé òpin, o kò tíì lè ṣèlérí rẹ̀. Kí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, kódà bí o bá ní mẹ́rin tó ń lo iná. Kí áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń lo iná. Kí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti wà nínú owó iṣẹ́ tí o bù fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má di pé aṣọ ń dúró de epo, epo ń dúró de owó.

Ọjọ́ méjì ni kí o máa dá, kì í ṣe ẹyọ kan: ọjọ́ tí oníbàárà máa wá wọ̀ ọ́ wò, àti ọjọ́ tó máa gbé e lọ. Fún aṣọ ìgbéyàwó Sátidé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wíwọ̀ wò, Ọjọ́bọ̀ ni gbígbé lọ, Ẹtì gbọ́dọ̀ ṣófo. Télọ̀ tó ń sọ pé "Ẹ wá gbà á lálẹ́ Ẹtì" ti fi àyè àtúnṣe rẹ̀ tọrẹ.

Àsìkò kan wà tí ìṣirò yìí máa ń le: Kérésìmesì, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, àti oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ ń wọlé ìwé. Kérésì kì í yẹ̀. Iléyá máa ń sún, torí oṣù ojú ọ̀run ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka ọdún, ọdún wọn sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ. Iléyá tó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ní 2025 bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún ní 2026. Télọ̀ tó bá fi ti èṣí ṣe òṣùwọ̀n máa bá ọdún lẹ́nu ọ̀nà. Wò ó láti oṣù Kìíní, kọ ọ́ sára ògiri. Mú ọjọ́ kan tí o máa dáwọ́ gbígba aṣọ ọdún dúró, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn kí gbogbo èèyàn rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, bí àbúrò ìyá rẹ bá gbé aṣọ dé, lẹ́yìn ọdún ni tiwọn.

Kíkọ̀ aṣọ wà lára iṣẹ́, kí o sì kọ́ bí a ṣe ń kọ̀ ọ́. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀sẹ̀ yìí ti kún. Bí ẹ bá lè dúró di Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo máa rán an dáadáa. Bí kò bá ṣeé dúró, ẹ jẹ́ kí n júwe ẹnì kan fún yín." Inú lè bí i lọ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí aṣọ wọ̀ lówùúrọ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò ní padà wá mọ́, kò sì ní dá nìkan mọ̀ ọ́n.

Aṣọ ẹbí ni kí o ṣọ́ra fún jù. Èèyàn 20 lè ra àńkárá kan náà kí wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn ti máa rán an. Ara 20 nìyẹn, sítáìlì 20, fóònù 20 tó máa máa dún ní ọ̀sẹ̀ ìnáwó. Ní kí wọ́n yan ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀. Gé e bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra mú un wá, kó má jẹ́ bí ohùn wọn ṣe lọ sókè tó. Fi pépà tó ní orúkọ há aṣọ kọ̀ọ̀kan lára kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, torí nígbà tí àwọ̀ bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, apá bùbá ẹ̀gbọ́n lè wọ ara ti àbúrò láìsí ẹni tó mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wọ̀.

Owó àsansílẹ̀ ni orísun irọ́

Àwọn èèyàn gbà pé irọ́ ló wà lẹ́nu télọ̀. Ohun tí mo rí ni pé owó ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Télọ̀ gba àsansílẹ̀ aṣọ Ìyá Bọ́lá, ó fi san owó ilé. Nígbà tó yá tó yẹ kó ra láínìn, kò sí owó. Ó gba aṣọ ẹlòmíràn kó lè rí àsansílẹ̀ rẹ̀ ra láínìn Ìyá Bọ́lá. Báyìí, aṣọ méjì ló wà nílẹ̀, owó kankan kò sí fún ìkejì, ó di dandan kó gba ìkẹta. Kó tó oṣù mẹ́ta, aṣọ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ tó fẹ́ rán an lọ, kò sì lè kọ èyíkéyìí nítorí owó wọn ló fi ń mí. Ìgbà yẹn ni "Ó ku bọ́tìnnì" bẹ̀rẹ̀, nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú lailọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gbé e wá.

Nítorí náà, bù àsansílẹ̀ tó máa tó ra gbogbo èèlò aṣọ yẹn: láínìn, síìpù, sítéè tó ń mú ọrùn aṣọ le, òwú, bọ́tìnnì. Ìdajì owó ló máa ń tó lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ tí o gbà á tàbí lọ́jọ́ kejì, ra èèlò náà, kí o sì dì í pọ̀ mọ́ aṣọ tó ni ín. Ohun tó kù nínú rẹ̀, fi sínú àpamọ́ ọ̀tọ̀ tàbí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Kò tíì di tìrẹ. Ọjọ́ tí aṣọ bá jáde ló di tìrẹ.

Kọ owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà, kó mọ èyí tó jẹ́ ti ìránṣọ àti èyí tó jẹ́ ti èèlò. Iye tí ẹ bá jọ sọ, òun náà ni. Bí láínìn bá wọ́n sí i lọ́jà lẹ́yìn ìyẹn, fara gbà á, kí o sì fi kún ti ẹni tó ń bọ̀. Ní ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, o lè yọ̀ǹda owó ìránṣọ fún ẹni tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó èèlò, kí wọ́n sì tò sórí ìlà bí àwọn yòókù.

Gbígba aṣọ àti wíwọn ara

Na aṣọ lójú ẹni tó mú un wá. Odindi àńkárá yáàdì 6 ni, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 45 sí 46, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n dì lọ́jà ló pé. Gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wo ihò, wo àbààwọ́n, wo ibi tí àwọ̀ ti ṣá. Ohunkóhun tí o bá rí, fi hàn án lójú ẹsẹ̀, kí o sì kọ ọ́. Àbùkù tí o kò sọ lọ́jọ́ tó gbé aṣọ wá, ìwọ ni wọ́n máa kà á sí lọ́rùn lọ́jọ́ tó bá wá gbà á.

Mọ irú aṣọ tó wà níwájú rẹ. Àńkárá olówùú máa ń sún kì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà bi oníbàárà bóyá kí o rẹ ẹ́ sómi kí o tó gé e. Gínì kò gbọdọ̀ kan omi, dídán rẹ̀ máa lọ. Àdìrẹ, tẹ igun rẹ̀ lómi díẹ̀, fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, bí aró bá jáde sára funfun, má fi láínìn funfun sí i, kí o sì sọ fún olówó rẹ̀ bó ṣe máa fọ̀ ọ́. Àrán ní irun tó dojú kọ ọ̀nà kan. Bí o bá gé iwájú sókè tí o gé ẹ̀yìn sísàlẹ̀, á dà bí aṣọ méjì lójú oòrùn. Aṣọ òkè, dí etí rẹ̀ kí o tó gé e jìnnà, torí òwú rẹ̀ máa ń tú. Ẹni tó ra sányán n'Ísẹ́yìn tàbí lọ́jà Òjé n'Íbàdàn ná owó gidi, kò sì lè rí irú rẹ̀ gan-an rà mọ́ bí o bá bà á jẹ́.

Lẹ́yìn náà, bi í ní ohun tó fẹ́ fi aṣọ ṣe. Ṣé ó máa jókòó pẹ́? Ṣé ó máa jó? Ṣé ó ń gbé ọmọ pọ̀n? Ṣé inú ọkọ̀ èrò ló máa gbà débẹ̀? Sítáìlì tó fi hàn ọ́ lórí fóònù, ẹni tó dúró fún fọ́tò ló wọ̀ ọ́. Mo máa ń sọ ti Ṣadé Thomas-Fahm fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ó kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní London, ó padà wálé ní àsìkò òmìnira Nàìjíríà, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ l'Ékòó. Òun la mọ̀ mọ́ ìró tí a rán síìpù sí tí obìnrin lè wọ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì, àti gèlè tí a ti wé sílẹ̀ téèyàn kàn máa gbé lé orí. Obìnrin tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kò ráyè máa dúró tún ìró ró lójú ọ̀nà. Aṣọ tó bá ọjọ́ ẹni mu ni kí o máa wá.

Ní ti téèpù, èyí tó ti pẹ́ máa ń fà. Tẹ́ ẹ lé rúlà irin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí íńṣì 12 ti téèpù bá ti kọjá 12 ti rúlà, dà á nù. Máa wọn ara ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, láti òkè wá sísàlẹ̀: èjìká, àyà, abẹ́ ọmú, ìbàdí, ìdí, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà gígùn. Ẹni tó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún ló ń gbàgbé apá.

Kí o tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, sọ ibi tí o fẹ́ wọ̀n. "Mà, mo fẹ́ wọn àyà yín báyìí." Kí kọ́tìnnì wà, kó sì dé ilẹ̀. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, tí obìnrin tó dé kò fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan òun, kí ọmọṣẹ́ obìnrin wọ̀n ọ́n, tàbí kó mú aṣọ tó bá a mu wá kí o fi wọn tuntun. Má pe iye sókè. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ súnmọ́ ọ. Kò sí obìnrin tó fẹ́ kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ pé ìdí òun ti di 48.

Ibi tí a dé yìí, mo fẹ́ kí o dúró gbọ́ mi dáadáa. Téèpù a máa mọ ọ̀rọ̀ ṣáájú ìyá ọkọ. Ìbàdí tó jẹ́ 30 nígbà tó wá kẹ́yìn lè ti di 33, kí o sì fura pé oyún ti dé, nígbà tí òun kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Obìnrin lè bọ́ bùbá kí o rí i pé wọ́n ti yọ ọmú kan. Ara ọkùnrin tó sanra lọ́dún tó kọjá lè ti fà débi pé o mọ̀ pé àárẹ̀ wà níbẹ̀. Kọ iye tí o rí, kí o pa ẹnu mọ́. Má kí oyún tí a kò fi hàn ọ́. Má bi í pé "Ṣé kò sí o?" níwájú ọmọṣẹ́. Bí ó bá fúnra rẹ̀ sọ ọ́, bi í bó ṣe fẹ́ kí aṣọ gba ibẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, fi àyè sílẹ̀ fún ikùn tó ń bọ̀, tàbí kí o fi fóòmù sínú láínìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá gbà, kí aṣọ náà sì jókòó bí ti gbogbo èèyàn. Ìwé ìwọ̀n kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì níbi tí ẹni tó ń dúró lè ṣí i wò. Fi í sínú dúrọ́ọ̀, kí o tì í.

Bákan náà ni fọ́tò. Má gbé aṣọ ẹnikẹ́ni sí ojú WhatsApp rẹ kó tó wọ̀ ọ́ jáde. Lẹ́yìn tó bá wọ̀ ọ́ tán, tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Ohun tí o máa kọ sílẹ̀ fún aṣọ kan: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwọ̀n, iye yáàdì, àbùkù tó bá wà, àwòrán sítáìlì tí ìwọ fúnra rẹ yà, owó tó san, owó tó kù, ọjọ́ wíwọ̀ wò, ọjọ́ gbígbé lọ. Há ègé kékeré lára aṣọ náà mọ́ ojú ewé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ olórí. Ya fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ sí oníbàárà kó tó kúrò níwájú rẹ, kí ọ̀rọ̀ "mo ní kí ọrùn rẹ̀ ṣí" má baà di ìjà.

Sọ "ẹ" fún gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá, kódà ọmọbìnrin tí o dàgbà jù tó fi owó ara rẹ̀ sanwó. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì máa ń jẹ́ kí o lè sọ òótọ́ fún un láìdà bí ìbáwí.

Nígbà tí nǹkan bá fẹ́ yẹ̀

Ó máa ṣẹlẹ̀. Máṣíìnì máa kọṣẹ́, oníṣẹ́ ọnà máa lọ sìnkú lábúlé, ara rẹ lè má yá. Gbàrà tí o bá ti mọ̀ pé ọjọ́ kò ní ṣeé ṣe, pe oníbàárà. Má dúró kó pè ọ́. Má fi ọmọṣẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kó wà lẹ́nu rẹ: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tuntun, àti ohun tí o lè ṣe bí ọjọ́ tuntun kò bá bá a lára mu. Báyìí: "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi télọ̀ yín ni. Aṣọ yín kò ní lè jáde lọ́la bí mo ṣe sọ, máṣíìnì mi ló kọṣẹ́. Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kí n lè parí rẹ̀ níbẹ̀, ó máa jáde Ẹtì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí Ẹtì bá ti pẹ́ jù, ẹ sọ fún mi, mo máa gbé e wá sílé fún yín lálẹ́ Ọjọ́bọ̀." Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kó bínú tán. Má fi "Ọlọ́run ló mọ̀" kún un, má sì ka ìṣòro ilé rẹ fún un. Bí o bá ti sún ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, má sún un lẹ́ẹ̀kejì, kódà bí o bá máa sanwó fún télọ̀ mìíràn láti bá ọ parí rẹ̀.

Bí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ, ọjọ́ yẹn náà ni kí olówó rẹ̀ gbọ́. Gé ègé kékeré kan dání, wá irú rẹ̀ lọ sí Gbági kí o tó pè é, kí o lè mú ọ̀nà àbáyọ dání. Bí o bá rí i, owó rẹ ni kí o fi rà á. Bí o kò bá rí i, sọ ohun tí o rò pé a lè fi bo ojú ibẹ̀, kí o sì jẹ́ kí òun yàn, bóyá àtúnṣe ni tàbí owó aṣọ. Má yọ gbogbo rẹ̀ lára ọmọṣẹ́ tó jó o. Ìwọ lo fi áyọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́.

Òfin náà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ lásìkò, kó tètè fi tó oníbàárà létí bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà, kó sì dá ohun ìní rẹ̀ padà láìburú ju bó ṣe gbà á lọ. Gbogbo ohun tó kù lára aṣọ lẹ́yìn gígé wà nínú ohun ìní yẹn. Kì í ṣe ti fìlà ọmọ rẹ, kì í ṣe ti ìrọ̀rí rẹ. Dì í pọ̀ fún un. Bí ó bá ní kí o mú un, o lè mú un nígbà náà.

Ìwé ẹ̀rí trade test, ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́, dára, fíforúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, náà dára, wọ́n lè béèrè wọn lọ́wọ́ rẹ bí o bá ń wá iṣẹ́ aṣọ ilé ìwé tàbí ti iléeṣẹ́. Ṣe wọ́n nígbà tí owó bá wà.

Àwọn ọmọṣẹ́ tìrẹ

Ohun tí o bá ń ṣe ni wọ́n máa gbé lọ. Bí o bá ní kí ọmọṣẹ́ sọ fún oníbàárà pé o kò sí nígbà tí o jókòó lẹ́yìn kọ́tìnnì, o ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan tí kò ní gbàgbé. Má bú u níwájú èrò. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dára, tú u sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, kó rí ibi tó ti ṣìnà, kó tún un rán. Ọjọ́ tí o bá sọ pé o máa kọ́ ọ ní gígé agbádá, kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, má rán an lọ bá ọ pọnmi nílé. Ìlérí tí o ṣe fún ọmọṣẹ́ kò kéré sí èyí tí o ṣe fún ẹni tó ń sanwó.

Fífi aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́

Aṣọ tí o ti lọ̀, tí o ti gé gbogbo òwú tó yọ lára rẹ̀, ni kí oníbàárà bá. Ní kó wọ̀ ọ́, kó gbé apá sókè, kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀. Bí ibì kan bá fún un, tú u lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o máa fi aṣọ pamọ́ sínú ojú rírán, ó kéré tán íńṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fi ègé aṣọ tó kù àti bọ́tìnnì kan lé e lórí, gba ìyókù owó, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà á.

Àwọn kan kò ní wá. Aṣọ máa parí, fóònù wọn kò ní lọ, oṣù máa gorí oṣù. Fi í sínú lailọ́ọ̀nù mímọ́ pẹ̀lú káńfọ̀, kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, gbé e kọ́ níbi tí eku kò lè dé. Máa pè wọ́n lóṣooṣù, kí o sì kọ ọjọ́ tí o pè sílẹ̀. Má tà á, má yá ọmọṣẹ́ wọ̀ lọ òde, má tú síìpù rẹ̀ lò fún aṣọ ẹlòmíràn. Bí ẹni náà bá wá yọ lọ́dún kejì, jẹ́ kó wọ̀ ọ́ wò kó tó san owó tó kù, torí ara rẹ̀ lè ti yí padà, kí o sì bá a tú u tàbí kí o bá a dín in kù nígbà tó ṣì wà níwájú rẹ.